Òwúrọ̀ Ọjọ́ Kejì ní Fílípì

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ta ni kò tíì gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù àti Sílà nínú túbú? Orin ọ̀gànjọ́, ilẹ̀ tó mì tìtì, ẹ̀wọ̀n tó já: òru yẹn la máa ń wàásù rẹ̀ ṣáá. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, láti ẹsẹ 35. Àwọn adájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti fò fún ayọ̀ pé àdúrà gbà. Pọ́ọ̀lù ní òun ò lọ. Gbangba ni wọ́n ti nà wá láìgbọ́ ẹjọ́ wa, ọmọ Róòmù sì ni wá. Wọ́n wá fẹ́ lé wa jáde ní kọ̀rọ̀? Kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá mú wa jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọlọ́pàá wá ọmọ ọ̀kan nínú àwọn màmá ìjọ wa wá sílé nítorí gbèsè. Wọn ò bá ọmọ, wọ́n gbé ìyá. Nígbà tí mo dé tẹ́sàn, màmá wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ti gba gèlè wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni mo ti ka owó tí a dá jọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró lórí pẹpẹ, mo ní Olúwa ṣe é. Ojú ṣì ń tì mí.

Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ìyá dípò ọmọ tàbí ìyàwó dípò ọkọ. Òfin yìí kan náà ní ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ torí gbèsè lásán mú ènìyàn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 35, ní ẹni tí wọ́n bá mú lè panu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Kí wákàtí 24 tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un fún un, ní èdè tó gbọ́. Èdè tó gbọ́, ẹ̀yin ará! Màmá wa ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé kan. Bí kóòtù bá sì wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé ènìyàn débẹ̀, àyàfi ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú.

Ìlà kan wà nísàlẹ̀ abala yẹn tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta: ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà àìtọ́ gbọ́dọ̀ gba owó gbà-máà-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ohun tí Pọ́ọ̀lù bèèrè ní Fílípì nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, “Pásítọ̀, Róòmù orí 13 tó ní ká máa tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ ń kọ́?” Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ náà ló kọ̀ tí kò jáde ní túbú. N ò ní kí ẹ lọ máa jágbe mọ́ ẹni tó gbé ìbọn dání o. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, arábìnrin wa tó jẹ́ lọ́yà yóò jókòó sí fẹ́sìtìrì. Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́, kó mú un wá. Màmá wa ti ní àwọn máa kọ́kọ́ dé, pé àwọn fẹ́ mọ ohun tí àwọn tẹ̀ka sí lọ́jọ́ náà.