Sí Àjọkẹ́, Lórí Iṣẹ́ Ìwádìí Tí Ó Fẹ́ Ṣe

Àjọkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé àwọn purotéènì tí ń tún kúrọ́mátììnì (DNA àti àwọn purotéènì tí a wé e mọ́) tò ni o fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀: o ní jẹjẹrẹ nìkan ni o kọjú sí, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò kàn ọ́. Mo rọ̀ ọ́ pé kí o pa èrò yẹn dà.

O mọ̀ pé DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 2, àti pé wíwé tí a wé e mọ́ àwọn purotéènì tí à ń pè ní hísítóònù, lẹ́tà DNA bíi 147 yí hísítóònù 8 ká lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ló jẹ́ kí ó gba inú àyè tíńtín bẹ́ẹ̀. Ẹní tí a ká ni. Ọnà wà lára rẹ̀, a kò kàn rí i ni. Jíìnì tí ó bá bọ́ sí ibi tí a ká mọ́lẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́, bí lẹ́tà rẹ̀ tilẹ̀ pé pérépéré. Iṣẹ́ àwọn purotéènì tí à ń wí yìí ni láti fi agbára ATP, èròjà tí ń gbé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, sún àwọn hísítóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí wọ́n yọ wọ́n kúrò, kí àwọn tí ń ka jíìnì lè ráyè dé ibẹ̀. (Àwọn mìíràn nínú wọn ń tò ó padà kí ó lè dì, má ṣe gbàgbé àwọn náà.)

Níbo ni a ti kọ́kọ́ mọ SWI/SNF tí o fẹ́ràn yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ purotéènì tí ń sún hísítóònù? Inú ìwúkàrà ni, ní àwọn ọdún 1980, lọ́wọ́ àwọn tí ń wá ìdí tí ìwúkàrà kan kò fi lè pààrọ̀ irú rẹ̀ (èyí tí ó dà bí akọ àti abo) láti gùn, tí òmíràn kò sì lè jẹ ṣúgà sucrose. Jẹjẹrẹ kọ́ ni wọ́n ń wá. Inú eṣinṣin èso ni a sì ti rí i pé ọ̀wọ́ yìí àti ọ̀wọ́ Polycomb, tí ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́, ń bá ara wọn fà á. Nígbà tí ó wá di ọdún 1998, tí a rí i pé SMARCB1, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì SWI/SNF, ló sọnù nínú jẹjẹrẹ rhabdoid tí ń ṣe àwọn ọmọ kéékèèké, ìmọ̀ inú eṣinṣin yẹn ló jẹ́ kí a lóye pé EZH2, tí í ṣe ara Polycomb, ti di ẹni tí kò ní alátakò mọ́. Láti ibẹ̀ ni tazemetostat ti jáde, oògùn tí ń dí EZH2 lọ́wọ́, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 fún epithelioid sarcoma, jẹjẹrẹ mìíràn tí SMARCB1 sábà máa ń sọnù nínú rẹ̀. Ó sì yani lẹ́nu pé ìyípadà mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú lẹ́tà DNA jẹjẹrẹ rhabdoid.

Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn jẹjẹrẹ ènìyàn ni ìyípadà wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Má ṣe jẹ́ kí èyí tàn ọ́ jẹ. ARID1A, òmíràn nínú ọ̀wọ́ náà, yí padà nínú bí ìdajì àwọn jẹjẹrẹ ilé ẹyin irú clear cell, ṣùgbọ́n a tún bá irú ìyípadà náà lára àwọn obìnrin tí àwọ̀ inú ilé ọmọ wọn ń hù sí ìta ilé ọmọ, tí wọn kò sì ní jẹjẹrẹ kankan. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ARID1A ń ṣe ní ọjọ́ tí ara dá, kí ni yóò fi mọ èyí tí ó léwu?

Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi ní yàrá àyẹ̀wò ẹran ara, bí a bá fi àwọ̀ kun ẹran láti wá purotéènì SMARCB1 tí kóró àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò sì gba àwọ̀, a kì í tíì kọ èsì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà láàrin wọn ni a ń kọ́kọ́ wò. Bí àwọn yẹn náà bá funfun, àyẹ̀wò ni kò ṣiṣẹ́, purotéènì kò sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ètò ìwádìí rẹ rí: fi sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá sí apá àkọ́kọ́, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ bí àfikún. Fi èyí tí o bá tún kọ ránṣẹ́ sí mi kí o tó gbé e fún olùkọ́ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.