Aṣọ àwọ̀sùn kò yẹ níbi oúnjẹ àárọ̀ òtẹ́ẹ̀lì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àwọn tó ń wá ṣe ìnáwó ní Kàbbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú ti sọ aṣọ àwọ̀sùn di aṣọ oúnjẹ àárọ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Kò dáa rárá. Àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀.

Èyí tó tún léwu ni iná tí wọ́n ń tàn sábẹ́ àwo oúnjẹ kó má baà tutù. Lójú mọmọ, ojú kì í tètè rí i. Bí apá aṣọ náílọ́ọ̀nù bá kàn án, á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ara.

Ẹ ró ìró ọ̀pá méjì, ẹ wọ bùbá, ẹ ká apá rẹ̀ dé ìgúnpá kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ. Ẹni tó bá rẹ̀, kó ní kí wọ́n gbé tirẹ̀ wá sí yàrá.

Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan,
Kàbbà