“Kóòtù dá a sílẹ̀”: èwo nínú mẹ́ta?

Olóòtú wa,

Àkọlé kan wà tí kì í pẹ́ kó tó tún yọjú nínú ìwé ìròyìn yín àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín: “Kóòtù dá a sílẹ̀.” Ẹni tó bá kà á á gbà pé ẹjọ́ ti tán. Bẹ́ẹ̀, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbólóhùn yìí lè jẹ́, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì ń fi ọkàn olùjẹ́jọ́ balẹ̀.

Béèlì ni àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n gba béèlì rẹ̀ ṣì ń jẹ́jọ́. Ilé ni yóò máa ti wá sí kóòtù dípò àtìmọ́lé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye owó tí adájọ́ bá dárúkọ kì í ṣe owó ìtanràn, wọn kì í sì í fi ra òmìnira. Ìdè ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, oníduró kì í tilẹ̀ san án sílẹ̀. Ó kàn ń tọwọ́ bọ̀wé ni pé bí ẹni tí òun dúró fún bá sá lọ, òun yóò san án. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníduró á fọwọ́ sí ìwé nítorí ojú àánú, kò ní wo iye tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní béèrè ọjọ́ tí ìgbẹ́jọ́ tún ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí olùjẹ́jọ́ kò bá yọjú, òun ni kóòtù yóò ránṣẹ́ sí pé kó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó sanwó.

Ìkejì ni kí wọ́n tú èèyàn sílẹ̀ láìdá a láre. Ó lè jẹ́ pé agbẹjọ́rò ìjọba fa ẹ̀sùn náà sẹ́yìn kí olùjẹ́jọ́ tó wí tẹnu rẹ̀, tàbí pé àwọn ẹlẹ́rìí ò wá títí ọ̀rọ̀ náà fi sú adájọ́. Ilẹ̀kùn àtìmọ́lé ti ṣí lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀sùn ọ̀hún kò tíì kú. Wọ́n lè tún un kọ kí wọ́n sì gbé e padà wá.

Ìdáláre ni ìkẹta. Ẹni tí kóòtù bá dá láre, wọn kò tún lè pè é lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn kan náà mọ́, àfi lọ́nà ìwọ̀nba tí òfin bá là sílẹ̀, bíi kí ìjọba gba kòtẹ́milọ́rùn lọ. Àwọn oníròyìn sì ń gbójú fo ọ̀kan tó wà lábẹ́ ìdáláre yìí. Lẹ́yìn tí ìjọba bá ti kó gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀ tán, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ lè dìde kó ní oníbàárà òun kò ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́. Bí adájọ́ bá gbà á wọlé, ẹjọ́ parí síbẹ̀ láìjẹ́ pé olùjẹ́jọ́ la ẹnu rárá. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé “ó bọ́ nítorí kò rí nǹkan kan sọ”, òdìkejì ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n kọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ṣọ́ “jẹ̀bi.” Ẹjọ́ ọ̀daràn ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú ẹjọ́ láàárín aráàlú méjì, lórí gbèsè, ilẹ̀ tàbí àdéhùn, kò sẹ́ni tó ń jẹ̀bi tí yóò tìtorí ìdájọ́ yẹn di ọ̀daràn. Kóòtù kàn lè ní kó sanwó tàbí kó ṣe ohun kan. Ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n ẹ̀rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò. Ìjọba tó fẹ̀sùn ọ̀daràn kan èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tì í débi tí kò ní sí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Nínú ẹjọ́ aráàlú, bí ẹ̀rí olùpẹjọ́ bá fi díẹ̀ tẹ̀wọ̀n ju ti ẹnìkejì lọ, ó ti tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn júrì, ìyẹn àwọn aráàlú tí kóòtù yàn láti dá ẹjọ́, ní Amẹ́ríkà fi dá O. J. Simpson, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, láre nínú ẹ̀sùn ìpànìyàn ní 1995, tí àwọn júrì mìíràn sì ní kó san mílíọ̀nù 33.5 dọ́là lórí ikú kan náà ní 1997. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní wọ́n dájọ́ méjì tó tako ara wọn. Wọn ò tako ara wọn.

Ìjọba ló sì ni ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jẹ́ níbẹ̀. Bó bá lọ sí kóòtù lọ sọ pé òun ti dárí jì í, ìyẹn nìkan kò lè pa ẹjọ́ náà.

“Kóòtù da ẹjọ́ nù” náà ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bí olùpẹjọ́ kò bá wá, tàbí tó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù tí kò lágbára láti gbọ́ ọ, ńṣe ni adájọ́ sábà máa ń fagi lé e kúrò nínú ìwé. Olùpẹjọ́ lè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe kó padà wá. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹnu méjèèjì tí adájọ́ sì ní ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ìdànù gidi nìyẹn, kòtẹ́milọ́rùn nìkan ló kù. Ẹni tí wọ́n fagi lé ẹjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ìwé rẹ̀ nù. Ẹni tó pẹjọ́ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ lẹ́rán, torí iye ọdún tí òfin fún un láti pẹjọ́ lè máa lọ bí ẹjọ́ náà ò tilẹ̀ sí nílẹ̀.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ ló ń pa mẹ̀kúnnù lára jù. Ọjọ́ méjì ló ń jẹ mọ́ ọn: ọjọ́ tí kóòtù buwọ́ lù ú, àti ọjọ́ tó tẹ èèyàn lọ́wọ́. Ọjọ́ tó tẹ èèyàn lọ́wọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tí èèyàn ní láti fèsì, nítorí náà kí ẹni tó gbà á kọ ọjọ́ àti aago sára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kó wo orúkọ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún un. Kíkọ̀ láti gbà á kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, yóò sì dà bíi pé ó gbà á. Bí ọjọ́ bá pé tí kò fèsì, olùpẹjọ́ lè gba ìdájọ́ nítorí pé ẹnìkejì kò yọjú. Ó ṣeé yí padà, àmọ́ olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ yára, kó sọ ìdí tí kò fi wá, kó sì fi hàn pé òun ní ohun gidi láti fi gbèjà ara òun. “N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀” kì í ṣe ìdí.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Síbẹ̀ kóòtù ń gbọ́ ẹnu ẹnìkan nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, bí ẹni tí katakata fẹ́ wó ilé rẹ̀ lọ́la. Àṣẹ tí wọ́n ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Ó kàn ń ní kí gbogbo nǹkan dúró bó ṣe wà títí wọn yóò fi gbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Ẹ ò wá gbọdọ̀ kọ ọ́ pé “kóòtù dá onílé láre.” Adájọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre.

Lórí kòtẹ́milọ́rùn, gbólóhùn kan péré: pípe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nìkan kì í sábà dá ìdájọ́ dúró. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n wá kó ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún bẹ kóòtù lọ́tọ̀ pé kí wọ́n má tíì mú ìdájọ́ náà ṣẹ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ìbéèrè kan lọ. Kí akọ̀ròyìn yín tó kúrò ní kóòtù, kó bi akọ̀wé kóòtù pé: “Ṣé wọ́n ṣì lè gbé ẹjọ́ yìí padà wá?” Kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìlà àkọ́kọ́ ìròyìn náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbẹjọ́rò kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín