Kẹ̀kẹ́ Rẹ Ṣì Wà Lára Ògiri

Kúnlé, Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ sùn lóru? Gbogbo wa wà níbí, ara le. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fẹ́ tètè fèsì nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá pẹ́, o ó ti ra mọ́tò oníná tí o bi mí nípa rẹ̀ tán kí ìmọ̀ràn mi tó dé, o ó sì tún ní èmi ni mi ò tètè sọ̀rọ̀.

Ó dáa, rà á. Ọkọ̀ oníná dára. Ṣùgbọ́n kí o tó wo àwọ̀ rẹ̀ (mo mọ̀ pé pupa lo ti ń wò), wo ibi tí yóò ti máa gba iná lóru. Ẹni tó lè gba iná nílé àti ẹni tí kò lè gbà á nílé lè jọ ra ọkọ̀ kan náà, wọn ò lè jọ gbádùn rẹ̀. Èmi, bí mo bá ti wọlé, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo bá tèmi lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti yó. Ó ti pẹ́ tí òórùn epo ti kúrò lọ́wọ́ mi. Àmọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń lọ aṣọ ti tó. Ní ọ̀pọ̀ ilé, iná tó lè gba ibẹ̀ wọnú ọkọ̀ kò ju kílówáàtì méjì lé díẹ̀ lọ. Bátìrì tó bá jẹ́ ti kílówáàtì-wákàtí 60, tó ti gbẹ, yóò jẹ ọ̀sán, yóò jẹ òru níbẹ̀, kò sì ní kún. Ẹ̀rọ ìgbaná tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ni kí o ṣe, èyí tó ń gbé kílówáàtì 7 wọlé. Bí o bá tètè sùn, o ó bá a ní kíkún láàárọ̀.

O bi mí nípa òtútù. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ, òtútù máa ń gé ìrìn rẹ̀ kúrú. Ọkọ̀ elépo máa ń fi ooru ṣòfò púpọ̀, ooru yẹn ló ń fi mú inú mọ́tò móoru. Oníná kò ní irú ìṣòfò bẹ́ẹ̀, inú bátìrì ni yóò ti wá ooru tirẹ̀. Wá èyí tó ní heat pump, ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta wọnú mọ́tò, á dín ìjẹná rẹ̀ kù. Bí bátìrì bá sì tutù jù, kò ní fẹ́ gba iná kíákíá. Wọ́n ní lítíọ́mù inú bátìrì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó yẹ kó wọ̀, èyí tó ń ba bátìrì jẹ́, nítorí náà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń ní kí iná rọra wọlé. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí o fi fóònù sọ fún un pé kó móoru nígbà tí wáyà ṣì wà lára rẹ̀, kó jẹ́ pé iná ilé ló fi ń móoru. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń ṣe é. Ìgbádùn ni, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n Gólì náà ti ra tiwọn. Jókòó kí o tó ka èyí. Wọn kì í tan híítà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé iná á tán. Bí òtútù bá mú láàárọ̀, ìbọ̀wọ́ gólì ni wọ́n ń wọ̀ wa mọ́tò. Kúnlé, mo ní ìbọ̀wọ́ gólì! Èyí tó nípọn yẹn, tó ní àwọ̀ ọsàn lára. Wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù lé e, wọ́n dé fìlà bo etí, wọ́n di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tó ń dúró de pẹnáríìtì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tan ti àga nìkan, ìyẹn kì í jẹ iná tó ti gbogbo inú mọ́tò." Wọ́n ní, "Rótìmí, o ò mọ ohun tí ojú mi rí." Ohun tí ojú wọn rí ni pé wọ́n gbé ìyàwó wọn jáde lọ́jọ́ kan, iná sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó délé. Wọ́n délé o, iná ò tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti ìdá 15 ni ìyàwó wọn ti dákẹ́ pátápátá, o sì mọ̀ pé ìyẹn kì í dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, kíkún dé ẹnu ni wọ́n ń fẹ́ lójoojúmọ́. Mo ṣàlàyé títí. Mo ní bó bá jẹ́ bátìrì oní-irin-àti-fọ́sífáàtì, èyí tí wọ́n ń pè ní LFP, kò burú kó máa kún, àwọn tó ṣe é gan-an máa ń ní kí èèyàn jẹ́ kó kún lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n oní-níkẹ́ẹ̀lì ni tiwọn, irú ìyẹn kì í fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ ní kíkún fún ìgbà pípẹ́, ìdá 80 ti tó o fún ìrìn ojoojúmọ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo owó bátìrì ni mo san, mi ò san ìdá 80." Mo gba kámú.

Tèmi náà ní ohun tó ń fi bí mi nínú. Ẹnu ìgbaná rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ni mo sì so irin tó ń gbé kẹ̀kẹ́ mọ́. Bí a bá ń lọ gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà jíjìn, tí mo bá yà síbi tí wọ́n ti ń gba iná kíákíá, ẹ̀yìn ni mo gbọ́dọ̀ fi wọlé. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ. Mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó rò pé èèyàn ló dúró lẹ́yìn òun. Màá sọ̀ kalẹ̀, màá tú kẹ̀kẹ́, màá fi ti ògiri, màá fa wáyà, lẹ́yìn náà màá tún dì í padà, ẹni tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi á sì máa mí kanlẹ̀. Bí ó bá ti wá kọjá ìdá 80 báyìí, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbẹ̀rẹ̀. Má dúró dè é, kúrò níbẹ̀. O ó ní kí ló dé tí mi ò gbé kẹ̀kẹ́ sórí òrùlé. Atẹ́gùn ni. Bí eré mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, ipá tí atẹ́gùn fi ń tì í padà á di ìlọ́po mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ tó dúró ṣánṣán lókè á wá mú un burú sí i. Ojú rẹ báyìí ni iná á ṣe máa lọ sílẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ti bímọ, ọkùnrin ni, tìyá-tọmọ wà láyọ̀. Wọ́n ti gbé mi kúrò ní ẹ̀ka tí mo wà níbi iṣẹ́, ọ̀gá tuntun náà kò burú. Bàbá Rẹfirí ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ní ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ohun tí ìwọ ti ń sọ láti ọjọ́ káàdì pupa yẹn.

Kí n má bà ọ́ lẹ́rù jù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ọkọ̀ yìí ni iwájú rẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, ihò ńlá ló wà, èèyàn sì lè fi omi fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni bàtà bọ́ọ̀lù ẹlẹ́rẹ̀ ń gbé, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ olóòógùn. Òórùn rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa nínú mọ́tò. (Bí o bá gbàgbé wọn síbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí o ó bá.) Ó tún ní ibi tí a lè ti fa iná jáde lára rẹ̀. Mo ń fi í fẹ́ táyà, a ti fi tan gílóòbù létí pápá rí nígbà tí ilẹ̀ ṣú bá wa. Táyà rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń tètè jẹ ṣá, torí pé ọkọ̀ wúwo, ó sì máa ń fò síwájú bí o bá ti tẹ̀ ẹ́. Fi ìyẹn sínú ìṣirò rẹ.

Àti bátìrì kékeré! Àwọn tó ń tà á kì í sọ fún èèyàn pé bátìrì oní-fólíìtì 12 tó wà lára mọ́tò elépo ṣì wà lára oníná náà. Ìyẹn ló ń jí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìyẹn ló ń ṣílẹ̀kùn. Tèmi kú lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdíje. Bátìrì ńlá kún bámúbámú, ilẹ̀kùn ò ṣí, bàtà mi wà nínú ibẹ̀. Bàtà ẹlòmíràn ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù, ó sì há mi lẹ́sẹ̀. Kò sí ohun tí mo fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe tó ṣe é ròyìn.

Nílé ńkọ́, iná ni gbogbo nǹkan ń jẹ báyìí. Aago tó ń ka ìlù ọkàn, iná iwájú kẹ̀kẹ́ àti ti ẹ̀yìn, jíà kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ tó ń tẹ iṣan lẹ́sẹ̀, kò sí èyí tí wáyà ò sí lára rẹ̀ lóru. Ìyá Dàmọ́lá ní ilé òun ti di wọ́ọ̀dù ọsibítù, gbogbo aláìsàn wà lórí omi. Rákẹ́ẹ̀tì tó o fi sílẹ̀ fún mi nìkan ni kì í bèèrè iná, òun náà sì ní àrùn tirẹ̀. Okùn rẹ̀ ti rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò fi gbá bọ́ọ̀lù. Okùn máa ń dẹ̀ lásán láìlò ó, bí o bá sì fi í sínú mọ́tò nínú oòrùn, á yára dẹ̀. Ta ni mo fẹ́ fi gbá a fún gan-an?

O ní orúnkún ń dùn ọ́, pé àgbà ti dé. Àgbà wo? Nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2019 nítorí irú bátìrì yìí, John Goodenough ti pé ẹni ọdún 97 nígbà náà. Ọdún 97! Orúnkún rẹ, ìrọ̀rùn ló fẹ́. Ra bàtà tuntun, kí o yéé fi bàtà àtijọ́ yẹn sáré. Fóòmù inú rẹ̀ ti kú, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣì ń dán.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ wá kù.

Ó wà lára ògiri níbi tí o fi kọ́ ọ sí. Mo ń nu ṣéènì rẹ̀, mo ń fi òróró sí i. Omi tó ń dí ihò nínú táyà rẹ̀ gbẹ, mo ti da òmíràn sí i. Àṣíborí rẹ ni mo ti sọ nù, má bínú. Lẹ́yìn ìṣubú ọjọ́ náà, fóòmù inú rẹ̀ ti fọ́, irú rẹ̀ kì í gba èèyàn lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèèṣì dé e.

Ẹnikẹ́ni tí mo ń wí yìí, Dàmọ́lá ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé láti ibi iṣẹ́, ògiri ṣófo. Ọmọ ti gbé kẹ̀kẹ́ jáde láìbi mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbínú, mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Mo rí i tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, ó nàró lórí pẹ́dàlì, ó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, nítorí iná jíà ti tán, ó sì ti dì sórí èyí tó wúwo jù. Mo sì rí i pé kò rẹ àga rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ibi tí ìwọ gbé e sí náà ló wà. Kúnlé, ọmọ náà ti ga tó ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò ló fọ́nká.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún ìwé rẹ kà, ibi tí o ti bi mí irú ẹ̀rọ ìgbaná tó yẹ kí o kàn mọ́ ògiri. Mo ti dá ọ lóhùn, kílówáàtì 7, mi ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbẹ́ ògiri, tó ń gba wáyà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Tẹ́lẹ̀, "bó bá di ọdún tó ń bọ̀" ni o máa ń fi parí ìwé. Mo wá a nínú èyí, mi ò rí i. Ó lè jẹ́ pé àwọn ìbejì ló ń ké, tí o fi gbàgbé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò ju ẹyọ kan. Ṣájà jíà kẹ̀kẹ́ yẹn, dúdú kékeré, ó bá àwọn wáyà kọ̀ǹpútà rẹ lọ nígbà tí ò ń dẹrù. Mo ti tú gbogbo ilé, kò sí níbí, àwọn tí mo bá níbòmíràn kò sì wọ̀ ọ́. Wò ó nínú àpò wáyà rẹ. Bí o bá fẹ́ kí Dàmọ́lá máa gun kẹ̀kẹ́ náà, fi ránṣẹ́ sí mi, màá ra àṣíborí tuntun fún un, inú mi á sì dùn sí i, mi ò sọ ọ́ nítorí ojú. Bí o bá ń bọ̀, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́, mú un dání bọ̀, ọmọ á fara da jíà kan títí o ó fi dé. Èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, kọ ọ́ sí mi ní tààrà, má fi ẹ̀fẹ̀ bò ó bí o ti máa ń ṣe.

Bá mi kí ìyàwó, bá mi gbé àwọn ìbejì. Ìyá Dàmọ́lá ní òun kí yín.

Èmi ni,
Rótìmí