Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ pààrọ̀ primary key

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé o fẹ́ yọ ímeèlì kúrò ní ipò primary key (ohun tí dátábéèsì fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀) nínú tábìlì àwọn oníbàárà yín, kí o fi nọ́ńbà tí dátábéèsì ń fúnra rẹ̀ ṣe rọ́pò rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Èèyàn máa ń pààrọ̀ ímeèlì, ohun tó bá sì lè yí padà nígbàkúùgbà kò yẹ ní ohun tí a ó fi máa dá ìlà kan mọ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé o fẹ́ ṣe é tán lálẹ́ ọjọ́ kan.

Gbogbo ibi tí ímeèlì yẹn ti rìn dé ni iṣẹ́ wà. Tábìlì ọjà tí wọ́n rà mú un dání bíi foreign key (ohun tó ń tọ́ka sí ìlà kan nínú tábìlì mìíràn), tábìlì ìsanwó náà mú un dání. Ìwọ̀nyí kò le, nítorí dátábéèsì mọ̀ wọ́n: wo inú information_schema, níbi tí dátábéèsì ti ń ṣàlàyé ètò ara rẹ̀, wàá rí wọn. Àwọn tí dátábéèsì kò mọ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ìròyìn oṣooṣù tí ẹnìkan fọwọ́ kọ SQL rẹ̀ (èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀), fáìlì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣirò owó, tábìlì àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò fi foreign key sí. Kò sí ohun tí yóò pariwo níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá yọ ọ́. Kọ gbogbo wọn sílẹ̀ kí o tó kọ ẹyọ ALTER TABLE (àṣẹ tó ń yí ètò tábìlì padà) kan.

Bí o bá ní kí dátábéèsì PostgreSQL yọ primary key náà, yóò kọ̀, yóò ní àwọn nǹkan mìíràn gbára lé e, yóò sì júwe CASCADE fún ọ, ìyẹn àṣẹ pé kó yọ gbogbo ohun tó gbára lé e pẹ̀lú. Jọ̀ọ́, má gbà. Gbogbo foreign key tó tọ́ka síbẹ̀ ni yóò bá a lọ. Ìlà kankan ò ní sọnù, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, ìsanwó lè wọlé fún oníbàárà tí kò sí, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá a dúró.

Jẹ́ kí tuntun àti àtijọ́ jọ wà pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Fi column (òpó) kan tó ń jẹ́ id sí tábìlì àwọn oníbàárà fún nọ́ńbà tuntun náà. Bigint, irú nọ́ńbà tó gba iye ńlá, ni kí o lò, nítorí integer lásán kò kọjá 2,147,483,647. Fi nọ́ńbà sí àwọn ìlà àtijọ́ ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, kí o má bàa ti tábìlì mọ́ àwọn tó ń lò ó lójú. Kí o wá fi CREATE UNIQUE INDEX CONCURRENTLY ṣe index rẹ̀, ìyẹn atọ́ka tí kò ní jẹ́ kí id kan wà lẹ́ẹ̀mejì, láì dá àwọn tó ń kọ sínú tábìlì dúró. Lẹ́yìn náà, tábìlì kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́ka sí oníbàárà yóò ní column tirẹ̀ fún id tuntun, ímeèlì ni wàá sì fi wá èyí tó bá a mu. Fi trigger (ohun tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìlà bá wọlé, kó lè fi id kún un) sí i pẹ̀lú, torí kóòdù àtijọ́ ṣì ń kọ ímeèlì nìkan.

Wá ka iye ìlà tó ní ímeèlì ṣùgbọ́n tí kò ní id. Òdo ló yẹ kó jẹ́. Nínú tábìlì tí kò ní foreign key, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òdo: lẹ́tà ńlá níhìn-ín, àyè òfìfo kan lẹ́yìn ".com" lọ́hùn-ún. Má fi dandan pa wọ́n rẹ́. Wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, oníbàárà gidi ló ni wọ́n.

Ẹnìkan yóò sọ fún ọ pé ON UPDATE CASCADE ti tó, ìyẹn àṣẹ tó ń mú kí àwọn foreign key yí padà nígbà tí ímeèlì bá yí padà. Nínú àwọn dátábéèsì, PostgreSQL àti MySQL ní in, Oracle kò ní in. Ó ń tún àwọn foreign key ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé inú fáìlì àwọn oníṣirò owó.

Nígbà tí kóòdù bá ti ń lo id níbi gbogbo, o lè wá ṣe ìpààrọ̀ gan-an. Lórí PostgreSQL, inú transaction kan ṣoṣo (àkójọ àṣẹ tó ń yọrí pọ̀ tàbí kí ó má yọrí rárá) ni o ti lè ṣe é, bí ó bá sì wọ́, ROLLBACK yóò dá gbogbo rẹ̀ padà. MySQL kò rí bẹ́ẹ̀: ALTER TABLE kọ̀ọ̀kan ń ṣe commit fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ROLLBACK kò lè dá a padà mọ́. Bákan náà, bí primary key ṣe tò ni InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú dátà, ṣe ń to àwọn ìlà, nítorí náà odindi tábìlì ni yóò tún kọ. Rí i dájú pé àyè wà lórí díìsìkì.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù nìyí: primary key ló ń dènà kí ẹni méjì má fi ímeèlì kan náà forúkọ sílẹ̀. Tí o bá yọ ọ́, ìdènà náà lọ nìyẹn. Fi UNIQUE (òfin pé kò gbọ́dọ̀ sí méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà) sórí ímeèlì kí o tó ṣí àtijọ́ nídìí, má dúró dé ọjọ́ kejì.

Ní ti column ímeèlì tó wà nínú tábìlì ìsanwó àti ti ọjà, fi wọ́n sílẹ̀ títí ìròyìn ìparí oṣù yóò fi jáde, tí àwọn oníṣirò owó yóò sì ti sọ pé ó pé. Kí o tó yọ wọ́n, fi orúkọ gbogbo tábìlì tí o kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.