Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí á rí òpin sáà yìí láyọ̀ àti àlàáfíà.

Èsì ìdánwò ti wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kíláàsì. Ọjọ́ Ẹtì ni a ó gba ìsinmi. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ di ọ̀sẹ̀ kejì sáà tó ń bọ̀. Kí àwọn ọmọkùnrin gé irun wọn kí wọ́n tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ Sátidé, ìyẹn aṣọ rírẹ sínú aró, ló mú mi kọ ìwé yìí gan-an. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sórí WhatsApp. Ẹ ní owó pọ̀ jù, ẹ ní à ń sọ ọmọ yín di aláró, àwọn míì ní a fẹ́ kó ọmọ wọn wọ ẹgbẹ́ abọ̀rìṣà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀bi wa bẹ̀rẹ̀. Omi eérú tí a fi ń ṣe aró ta sí ọmọ JSS 2 kan lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Omi eérú máa ń jẹ ara, ó sì yẹ kí á ti ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà sílẹ̀. Mo ti lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀ nílé. Ọmọ tí kò bá wọ ìbọ̀wọ́ kò ní sún mọ́ ìkòkò mọ́.

Owó tó kúrò ní ₦1,200 tó di ₦2,000, ẹ̀lú (ewé tí a fi ń ṣe aró), aṣọ, láfún tí a fi ń se ẹ̀kọ àdìrẹ tí a fi ń ya ọnà sára aṣọ, àti owó iṣẹ́ ìyá aláró ló gbà á. Ọjà ìyá náà ló ń fi sílẹ̀ wá kọ́ wọn. Ìwé ìnáwó wà lọ́dọ̀ akápò, ẹ wá wò ó.

Ní ti òrìṣà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la kó wọn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, igbó tí UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà àgbáyé, kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Igi, ewé àti odò ni wọ́n lọ wò. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bu omi odò sínú ìgò: ó pọ́n bí omi amọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló ń da ẹrẹ̀ sí i. Bí a ṣe dé ilé-ìwé, ọmọ kan béèrè ibi tí àwa náà máa ń da omi aró sí. Ojú tì mí, nítorí gọ́tà ni. Àwọn ọmọ yìí fúnra wọn ló gbẹ́ kòtò oníyanrìn tí à ń dà á sí báyìí, ó jìnnà sí kànga.

Ẹ wá wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, bí ewé tútù ló máa ń rí. Ẹ ò ní tíì sọ gbólóhùn méjì tí atẹ́gùn yóò fi sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Ọdún mélòó ni a ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọ́síjìn inú atẹ́gùn, kò yé wọn tó bó ṣe yé wọn lọ́jọ́ náà. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Kò yẹ kí ọmọ jáde níwèé mẹ́wàá níbí láì mọ ewé ẹ̀lú.

Nítorí náà, a kò ní dá a dúró. Sátidé kejì sáà tuntun, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Aṣọ àlòkù ni kí wọ́n wọ̀ wá. Yunifọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ débẹ̀. Òbí tí kò bá fẹ́ ti aró, kó kọ̀wé sí mi, ọmọ rẹ̀ yóò lọ síbi apẹ̀rẹ̀ híhun.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé