Iná Ihò USB Lára Ráútà: Ẹ̀bẹ̀ sí Àwọn Tó Ń Tò Ó ní Ilé-Ifẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń fi OpenWrt (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí ráútà) sórí ráútà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti ilé-ìwé nílùú wa, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbà tó yẹ kí iná wọ ihò USB bí ráútà bá ń tan ni mo bá wá.

Láti Sábó dé Mayfair, ohun tí à ń rí kò yàtọ̀. Iná ọba á lọ, á dé lóru. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo iná ara ráútà á wà ní títàn, síbẹ̀ kò ní sí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹnìkan yóò fi fọwọ́ yọ módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ kékeré tó gbé síìmù, kúrò nínú ihò USB, tí yóò sì tún un kì bọ ibẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni síìmù là ń bú, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè jẹ́ pé iná ni ìṣòro náà. USB 2.0 gba ihò kan láàyè láti pèsè iná tó tó 500 mA (mílíáńpíà), USB 3.0 sì gba 900 mA. Bí módẹ́ẹ̀mù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ráútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí bá jọ ń fa iná lára adápútà kan tí kò lágbára tó, fóltéèjì á já wálẹ̀, módẹ́ẹ̀mù á sì há. Kódà bí a bá pàṣẹ fún ráútà kí ó pa ara rẹ̀ kí ó tún tan, lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná kì í kúrò nínú ihò náà, nítorí náà módẹ́ẹ̀mù tó há kò ní jí.

Púpọ̀ nínú àwọn ráútà ní ẹsẹ̀ GPIO kan (ẹsẹ̀ ṣíìpù tí a lè fi àṣẹ darí) tó ń ṣí iná ihò náà tó sì ń tì í. Bí a bá kọ àṣẹ rẹ̀ sínú fáìlì /etc/rc.local, ìgbà tí ètò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán ni yóò ṣiṣẹ́, èyí sì dára fún módẹ́ẹ̀mù: ẹ ti iná náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tó ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún fíláàṣì tó gbé extroot, ìyẹn ibi ìpamọ́ ara USB tí ráútà ń lò dípò ti inú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni OpenWrt ti ń wá a. Bí iná kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibi ìpamọ́ inú ráútà ni yóò padà sí, oníbàárà yóò sì rò pé gbogbo ètò òun ti parẹ́. Inú device tree (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù fún ètò) ni kí ẹ ti kọ iná irú ihò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi regulator (olùdarí iná), kí kernel, ọkàn ètò náà, fúnra rẹ̀ lè ṣí i kí ó tó wá fíláàṣì náà.

Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tí iná fóltì márùn-ún (5 V) ti wọ ihò wọn tààrà, tí àṣẹ kankan kò lè ti iná wọn. Họ́ọ̀bù (ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tó ní adápútà tirẹ̀ ni ó lè dín ẹrù kù lórí wọn, ó sì yẹ kí oníbàárà mọ èyí kí ó tó sanwó.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ̀yin tó ń tò ó yọ adápútà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé iná ọba lọ, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, títí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi máa dé láìsí ẹni tó fọwọ́ kan módẹ́ẹ̀mù, kí ẹ tó gba owó iṣẹ́ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ilé-Ifẹ̀